Lákíṣì, ọdún 701 ṣáájú Kristi: ẹlẹ́rìí mẹ́rin lórí ogun kan

Bí èèyàn bá ń yára ka Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 18, orúkọ Lákíṣì, ìlú olódi kan ní Júdà, lè fò ó dá. Ẹsẹ 14 kàn sọ pé Hesekáyà ọba Júdà ránṣẹ́ sí ọba Ásíríà ní Lákíṣì pé òun ti ṣẹ̀, kó jọ̀wọ́ òun, ohunkóhun tó bá bù lé òun lórí lòun yóò san. Ẹsẹ 17 ní láti Lákíṣì kan náà ni wọ́n ti rán Rábúṣákè àti ìjòyè méjì mìíràn lọ halẹ̀ mọ́ Jerúsálẹ́mù. Ìwé Kíróníkà Kejì (32:9) fi kún un pé ibẹ̀ ni ọba náà wà pẹ̀lú gbogbo ọmọ ogun rẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Ohun tójú ìlú náà rí, Bíbélì kò sọ ọ́.

Síbẹ̀, agbára káká la fi máa rí ogun mìíràn nínú Májẹ̀mú Láéláé tí a mọ̀ fínnífínní tó èyí. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ló ní: Bíbélì fúnra rẹ̀, ìwé amọ̀ Senakérúbù ọba Ásíríà, àwòrán tí ọba náà ní kí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ààfin rẹ̀, àti òkìtì ìlú Lákíṣì tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé wà, ibi tí wọ́n ti takora wà, ibi tí ẹnì kan nínú wọn ti panu mọ́ náà sì wà.

Ohun tó dá ogun sílẹ̀ kò fara sin. Ní ọdún 705 ṣáájú Kristi (ṣ.K.), Ságónì Kejì ọba Ásíríà, bàbá Senakérúbù, kú sójú ogun, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Èèmọ̀ nirú ikú bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ará Ásíríà, àwọn ọba kéékèèké tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ sì rí i pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Bábílónì ṣọ̀tẹ̀. Lápá ìwọ̀ oòrùn, Hesekáyà náà kọ̀ láti sin Ásíríà mọ́ (2 Àwọn Ọba 18:7), ó sì gbójú lé Íjíbítì. Senakérúbù kọ́kọ́ lọ kojú Bábílónì. Ọdún 701 ló tó ráyè gba etíkun sọ̀ kalẹ̀ wá sí Júdà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu ọba náà fúnra rẹ̀. Akọ̀wé á mú amọ̀ tútù, á mọ ọ́n bí òpó kékeré onígun mẹ́fà, á fi esùsú tí wọ́n gé lẹ́nu tẹ ọ̀rọ̀ sí i lára ní èdè Ákádì, wọ́n á sì fi iná sun ún. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni wọ́n ń fi orúkọ ọ̀gágun Taylor pè, ẹni tó rí i gbà ní Nínéfè, olú ìlú Ásíríà, ní ọdún 1830. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà látọdún 1855. Gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38, ọdún 691 ṣ.K. ni wọ́n sì kọ ọ́. Ẹ̀dà kan wà ní Ṣikágò tí wọ́n kọ ní 689, òmíràn sì wà ní Jerúsálẹ́mù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó yẹ ká gbára lé jù ni èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Rassam pè, torí ọdún 700 ni wọ́n kọ ọ́, kí ojú ogun náà tó tutù rárá.

Ìpìlẹ̀ ilé ńláńlá ni wọ́n ń rì irú ìwé amọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, kí àwọn òrìṣà àti àwọn ọba ẹ̀yìn ọ̀la lè kà á. Nítorí náà, oríkì ni, kì í ṣe ìròyìn. Ọba kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ àdánù rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí Senakérúbù ní òun ṣe ní Júdà rèé: ó gba ìlú olódi 46 àti àìníye abúlé, ó kó èèyàn 200,150 jáde, ó sé Hesekáyà mọ́ Jerúsálẹ́mù «bí ẹyẹ inú àgò», ó gba tálẹ́ńtì wúrà 30 àti tálẹ́ńtì fàdákà 800 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pín lára ilẹ̀ Júdà fún àwọn ọba Áṣídódì, Ékírónì àti Gásà. Ó tún to bó ṣe ń gba ìlú sílẹ̀: wọ́n á kó òkè jọ sí ẹ̀gbẹ́ odi, wọ́n á sún ẹ̀rọ ìfọ́dì mọ́ ọn, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ á ya wọlé, àwọn mìíràn á máa gbẹ́ abẹ́ odi.

Ohun méjì kò sí níbẹ̀. Kò sọ pé òun gba Jerúsálẹ́mù. Kò sì dárúkọ Lákíṣì rárá.

Ìyẹn ló sọ ẹlẹ́rìí kẹta di pàtàkì. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Austen Henry Layard wú ààfin Senakérúbù ní Nínéfè, lódìkejì odò sí ìlú Mósúlù ní Ìráàkì òde òní. Nínú yàrá tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 36, àwòrán ìlú kan ṣoṣo tí ogun kó ló yí ògiri ká. Àkọlé kékeré kan wà lókè ibi tí ọba jókòó sí: Senakérúbù, ọba ayé, ọba Ásíríà, jókòó lórí ìtẹ́, ìkógun Lákíṣì sì ń kọjá níwájú rẹ̀. Ká ní àkọlé yìí ti fọ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá lè dárúkọ ìlú náà lónìí.

Àwọn òkúta náà ti wà ní British Museum, níbi tí orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀ náà wà. Ẹni tó bá lọ wò ó, kó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Àwọn tí ń ta kànnàkànnà ló wà lẹ́yìn pátápátá, torí òkò wọn a máa jìnnà. Àwọn tafàtafà wà níwájú wọn. Láàárín ni ìlú wà, ẹ̀rọ ìfọ́dì méje sì ń gòkè lọ bá a. Kẹ̀kẹ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n bò ó lórí, òpó gígùn tó ní irin lẹ́nu sì yọ síta níwájú rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń ju ètùfù tó ń jó lala sílẹ̀ láti orí odi kí ẹ̀rọ náà lè gbiná. Ẹ wo inú ẹ̀rọ náà dáadáa: ọmọ ogun kan yọrí, ó mú ìgbakọ ọlọ́wọ́ gígùn kan dání, omi ló ń bù dà síwájú ẹ̀rọ náà. Èyí ń sọ iná, èyí ń pa á. Ẹni tó gbẹ́ ìyẹn ti rí ogun rí, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó rí i ló rò ó fún un.

Lápá ọ̀tún, wọ́n ti kan ọkùnrin mẹ́ta mọ́ òpó níwájú odi, wọ́n sì na àwọn méjì sílẹ̀, wọ́n ń bó wọn láwọ. Àwọn ìdílé ń jáde lọ sí ìgbèkùn pẹ̀lú ọmọ wọn, ẹrù wọn wà lórí ọkọ̀ tí màlúù ń fà. Senakérúbù jókòó lórí òkè kan, ó ń wò wọ́n. Ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ fi irin ha ojú rẹ̀ nínú àwòrán náà, ó sì jọ pé ìgbà tí Nínéfè ṣubú ní ọdún 612 ṣ.K. ni.

Àwòrán náà kò dárúkọ Hesekáyà, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ Jerúsálẹ́mù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ìdí tí Lákíṣì fi gba odindi yàrá nínú ààfin ni pé olú ìlú kò bọ́ sí ọba náà lọ́wọ́, ìlú kejì ni wọ́n wá fi ṣe fọ́rífọ́rí. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àbá ni ṣá o. Senakérúbù kò kọ ọ́ síbì kankan.

Ó kan òkìtì. Tel Lákíṣì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 40 sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn Jerúsálẹ́mù. Àfonífojì yí i ká tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rọrùn láti gùn, àfi ní igun gúúsù ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ti so ó pọ̀ mọ́ òkè kékeré kan. Ibẹ̀ náà ni ẹnubodè ìlú sún mọ́. Àwọn ará Júdà mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀tá yóò gbà wọlé, wọ́n sì fi odi tó nípọn jù síbẹ̀: bíríkì amọ̀ lórí ìpìlẹ̀ òkúta, tó fẹ̀ ju mítà 6 lọ.

James Leslie Starkey ló kọ́kọ́ wú ibẹ̀, láti 1932 títí tí wọ́n fi pa á lójú ọ̀nà ní oṣù January 1938. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá òkúta rẹpẹtẹ ní igun yẹn gan-an, wọ́n rò pé ara odi ló ya lulẹ̀, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù. Ẹ̀yìn náà, nígbà tí David Ussishkin wú u fínnífínní (iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti 1973 sí 1994), ló hàn pé òkúta odi kọ́. Òkè tí àwọn ará Ásíríà kó jọ kí ẹ̀rọ lè gùn ún dé ara odi ni. Nínú gbogbo irú òkè bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ásíríà ṣe, kò tíì sí òmíràn tí wọ́n wú jáde.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 70 sí 75, ó gùn tó mítà 50 sí 60. Ussishkin fojú bù ú pé òkúta inú rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 13,000 sí 19,000. Orí rẹ̀ ni wọ́n da àpòpọ̀ líle lé, tó nípọn tó mítà kan, torí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ kò lè yí lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ńṣe ni yóò rì. Ní 2021, Yosef Garfinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un rò. Wọ́n ní òkúta kọ̀ọ̀kan tó kìlógíráàmù 6.5 ní ìdíwọ̀n, pé gbogbo rẹ̀ á tó mílíọ̀nù mẹ́ta, àti pé ara àpáta ẹ̀bá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ọ. Bí wọ́n bá to ara wọn ní ìlà, tí wọ́n ń ju òkúta láti ọwọ́ dé ọwọ́, tọ̀sán tòru ní ìpín wákàtí 12 méjì, nǹkan bí ọjọ́ 25 ni wọ́n á fi parí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá falẹ̀, ó di oṣù. Asà ńláńlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ láti fi bo àwọn òṣìṣẹ́, torí bí òkè bá ti ń sún mọ́ odi ni ọfà ń sún mọ́ wọn.

Àwọn ará ìlú kò káwọ́ gbera. Bí òkè ìta ṣe ń ga, wọ́n ń kó tiwọn jọ nínú ìlú lẹ́yìn odi, débi pé bí odi bá wó, odi tuntun tó ga jù ú lọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ àtijọ́ inú ìlú ni wọ́n ń gbẹ́ kó síbẹ̀, ìyẹn ni ìkòkò fífọ́ ìgbà láéláé fi kún inú rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn tí kò bá mọ̀ yóò fi ìkòkò yẹn ka ọjọ́ orí òkè náà, yóò sì ṣìnà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ní igun kan yìí ni wọ́n ti rí ẹnu ọfà tó ju ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ, irin lèyí tó pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ti ká kò níbi tí wọ́n ti bá odi. Òkò kànnàkànnà wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ wọn róbótó. Ẹ̀wọ̀n irin kan náà wà, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 37, pẹ̀lú òkúta ńlá tí wọ́n lu ihò sí. Ussishkin rò pé àwọn ará ìlú ló ń sọ ẹ̀wọ̀n kalẹ̀ láti fi há òpó ẹ̀rọ ìfọ́dì, tí wọ́n sì ń fi okùn so òkúta oníhò náà láti máa fì í lu ẹ̀rọ. Ti ẹ̀wọ̀n yẹn jọ òótọ́, nítorí àwòrán ogun mìíràn láti Ásíríà fi hàn pé àwọn tí wọ́n dó tì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ogun ti 701 lèyí, tí kì í ṣe òmíràn? Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti jiyàn fún ogójì ọdún. Ìpele méjì tó jóná wà lórí ara wọn nínú òkìtì náà: Ìpele Kẹta nísàlẹ̀, Ìpele Kejì lókè. Gbogbo ayé gbà pé Nebukadinésárì ọba Bábílónì ló sun Ìpele Kejì, ní 586 ṣ.K. tàbí síwájú rẹ̀ díẹ̀. Starkey rò pé ìkòkò ìpele méjèèjì jọra ju kí ọgọ́rùn-ún ọdún wà láàárín wọn, ó wá fi Ìpele Kẹta sí 597. Olga Tufnell, tó bá a ṣiṣẹ́ tó sì kọ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 1953, kò gbà. Ó ní 701 ni. Nígbà tí Ussishkin wú agbègbè tó fẹ̀ sí i tó sì to ìkòkò tó ṣì wà lórí ilẹ̀ yàrá lábẹ́ eérú, ìyàtọ̀ ìpele méjèèjì hàn kedere. Tufnell ló jàre.

Àǹfààní tó tibẹ̀ jáde ju ti Lákíṣì lọ. Nínú àwọn yàrá Ìpele Kẹta ni ìṣà ńláńlá wà, tó ń gba nǹkan bíi lítà 45, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lọ́wọ́: «ti ọba», àti orúkọ ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin, Hébúrónì, Sífù, Sókò àti ibi kan tí wọ́n kọ ní M-M-S-T, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ibi tó wà. Irú ọwọ́ ìṣà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti rí ní Júdà lé ní 2,000, ó lé ní 400 ní Lákíṣì nìkan. Àyẹ̀wò amọ̀ wọn fi hàn pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń mọ wọ́n. Ètò ìjọba ni: ìṣà kan náà, òǹtẹ̀ kan náà, a sì lè rò ó pé òróró àti wáìnì ni wọ́n kó sínú wọn. Bí a ti mọ̀ pé Ìpele Kẹta jóná ní 701, ibikíbi ní Júdà tí wọ́n bá ti bá irú ìṣà yìí lódindi lábẹ́ eérú, wọ́n ti ní ọdún tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìṣà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣa nílẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Àwọn èèyàn ṣì ń lo ìṣà tí kò fọ́ lẹ́yìn ogun.

Starkey tún rí ihò òkúta kan tí egungun èèyàn bí 1,500 kún inú rẹ̀ yamùyamù, egungun ẹran, ẹlẹ́dẹ̀ ló pọ̀ jù, sì wà lórí wọn. Wọ́n kó agbárí 695 lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn so wọ́n mọ́ ogun yìí, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó ti òkè òkúta.

Ní Jerúsálẹ́mù, ohun tó kù jẹ́ ti ìmúrasílẹ̀. Odi kan tí Nahman Avigad wú fẹ̀ tó mítà 7, orí àwọn ilé tí wọ́n wó ló sì gbà kọjá, gẹ́gẹ́ bí Aísáyà 22:10 ṣe bá wọn wí pé wọ́n wó ilé láti fi ṣe odi. Ihò abẹ́lẹ̀ tó gbé omi Gíhónì lọ sí adágún Sílóámù gùn ní mítà 533. Láti òpin kan dé èkejì, kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ tó fi rọ̀ sílẹ̀. Àkọlé inú rẹ̀, tí wọ́n rí ní 1880, tó sì wà ní Istanbul báyìí, sọ bí àwọn agbẹ́lẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òpin méjèèjì, tí wọ́n gbóhùn ara wọn láti inú àpáta kí wọ́n tó pàdé, tí omi sì ṣàn ní 1,200 ìgbọ̀nwọ́. Pín mítà 533 sí 1,200, ìgbọ̀nwọ́ kan á tó sẹ̀ǹtímítà 44: kò jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́ èèyàn. Àkọlé náà kò dárúkọ ọba kankan. 2 Àwọn Ọba 20:20 ló fún Hesekáyà, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí ihò náà ní 2003 sì fi í sí nǹkan bí 700 ṣ.K. Ní ti Hesekáyà fúnra rẹ̀, èdìdì amọ̀ kan tí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tí ẹgbẹ́ Eilat Mazar rí ní 2009 tí wọ́n sì kà yanjú ní 2015, ní «ti Hesekáyà ọmọ Áhásì, ọba Júdà».

Ibi tí ẹ̀rí ti pàdé jù lójú tiwa kì í ṣe ibi tí àwọn oníwàásù máa ń tọ́ka sí. Wúrà tálẹ́ńtì 30 ni nínú Bíbélì, 30 náà ni nínú ìwé amọ̀. Ọ̀tá méjì tó kọ iye kan náà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ṣòro láti sọ pé èèṣì ni. Fàdákà ni wọn kò ti ṣọ̀kan: Bíbélì ní 300, Senakérúbù ní 800. Àwọn kan ní ọba náà ka gbogbo ohun iyebíye mọ́ ọn. Àwọn kan ní akọ̀wé rẹ̀ bù mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí. Ti Pádì ọba Ékírónì, tí Senakérúbù ní Hesekáyà dè mọ́lẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, yàtọ̀. Bíbélì kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ní 1996 wọ́n wú òkúta kan ní Ékírónì tí ọmọ rẹ̀ fi ya ilé òrìṣà sí mímọ́, orúkọ Pádì sì wà lára rẹ̀ ketekete.

Ọ̀rọ̀ ọdún ló le. 2 Àwọn Ọba 18:10 fi ìṣubú Samáríà, ní nǹkan bí 722, sí ọdún kẹfà Hesekáyà. Ẹsẹ 13 fi ogun Senakérúbù sí ọdún kẹrìnlá rẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ 714, Senakérúbù kò sì tíì jọba nígbà náà. Ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ yẹ̀, èwo ni yóò sì yẹ̀ ni wọ́n ń jà sí títí dòní. Tíháká tí 19:9 pè ní ọba Kúṣì kò gorí ìtẹ́ títí di 690. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ọba tó ń darí ogun ni nígbà náà, tí òǹkọ̀wé sì fi oyè tó jẹ lẹ́yìn náà pè é. Àwọn ọmọ ogun Ásíríà 185,000 tí Bíbélì ní wọ́n kú lóru kan, kò sí nínú ìwé Ásíríà, a ò sì lè retí kó wà níbẹ̀. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì, gbọ́ ìtàn kan ní Íjíbítì pé eku ló jẹ okùn ọrun Senakérúbù lóru. Ìtàn ààlà Íjíbítì nìyẹn, wọn kò dárúkọ Júdà nínú rẹ̀.

Ẹsẹ méjì tó parí orí 19 ní Senakérúbù padà sí Nínéfè, àwọn ọmọ rẹ̀ Ádírámélékì àti Ṣárésà sì pa á nínú ilé òrìṣà, Esari-hádónì sì jọba. Ẹni tó bá kà á lọ gbuurugbu á rò pé kété tó délé ni. Ogún ọdún ló wà láàárín wọn. Ọdún 681 ló kú. Kó tó kú, ó ti run Bábílónì ní 689. Ìwé ìtàn Bábílónì sọ pé ọmọ rẹ̀ ló pa á nínú ọ̀tẹ̀, kò dárúkọ ọmọ náà. Ó di 1980 kí Simo Parpola tó tún lẹ́tà amọ̀ fífọ́ kan kà dáadáa. Lẹ́tà náà sọ pé ọkùnrin kan gbọ́ nípa ọ̀tẹ̀ náà, ó sì ní òun fẹ́ rí ọba. Àwọn ìjòyè tó gbà á lálejò fi aṣọ bò ó lójú, wọ́n mú un dúró níwájú ẹnì kan, wọ́n ní ọba rèé, sọ tẹnu rẹ. Ó ní: Arda-Mulissu ọmọ rẹ yóò pa ọ́. Wọ́n ṣí i lójú, ó rí i pé Arda-Mulissu gan-an ló dúró síwájú òun. Wọ́n pa á. Arda-Mulissu yìí ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ dé Bíbélì gẹ́gẹ́ bí Ádírámélékì. Nísírọ́kì, òrìṣà tí Bíbélì ní Senakérúbù ń bọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pa á, ni wọn kò tíì rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Ásíríà kankan.